Ẹ Fi Òfin Bo Àṣírí Tálákà

Láyé àwọn ìyá wa àgbà, bí iná bá kú mọ́ obìnrin kan nídìí ààrò, kì í bojú wẹ̀yìn kó tó wá òmíràn. Á fún ọmọ rẹ̀ ní àpáàdì, á ní kó sáré lọ fọnná wá nílé kejì. Ọmọ á kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n á kó ẹ̀yín iná méjì mẹ́ta sínú àpáàdì fún un, ó di kíá, kó má baà kú lọ́nà. Ìdí nìyí tí a fi máa ń bi àlejò tó bá kọ̀ tí kò jókòó pé ṣé iná ló wá fọn ni. Wọn kì í ta iná fún ara wọn. Wọn kì í ka iye ìgbà tí ará ilé kejì ti wá. Olówó ń fọnná nílé ìwọ̀fà, ìwọ̀fà ń fọnná nílé olówó, nítorí gbogbo wọn ló gbà pé ọbẹ̀ kò lè hó láìsí iná. Ilé tí èéfín kò bá sì rú lálẹ́, ojúṣe ará àdúgbò ni láti yọjú síbẹ̀, kí wọ́n béèrè ohun tó dé.

Ayé ti yí. Iná ti di ohun tí à ń fowó rà, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ẹni tó wa gáàsì nínú ilẹ̀ náwó, ẹni tó fa wáyà dé ẹnu ọ̀nà wa náwó, ó yẹ kí owó wọn padà wọlé. Ohun tó ń dùn mí ni pé nígbà tí iná di ọjà, a sọ ojúṣe tó rọ̀ mọ́ ọn nù pẹ̀lú. Ilé tí èéfín kò rú kò kan ẹnikẹ́ni mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá àwọn aṣòfin wa sọ, àti àwa tí a dìbò yàn wọ́n.

Ẹ dúró díẹ̀ nídìí ẹni tó ń rọ gáàsì ládùúgbò yín ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹ ó rí ẹni tó máa fi ọkọ̀ gbé sílíńdà ńlá méjì wá, tí kò ní béèrè iye tó jẹ́ kó tó ní kí wọ́n rọ ọ́ kún. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyá kan máa dé pẹ̀lú sílíńdà kékeré, èyí tó ń gba kílò mẹ́ta. Á kọ́kọ́ béèrè pé èló ni kílò kan lónìí. Bí wọ́n bá dá a lóhùn, á dákẹ́, á ṣírò ó lọ́kàn, á wá ní kí wọ́n bá òun rọ ti ẹgbẹ̀rún kan náírà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tà á á gbé e lé òṣùwọ̀n, nọ́ńbà á yí díẹ̀, ó parí. Ìyá náà mọ ohun tí òun máa fi gáàsì yẹn ṣe: ògì àárọ̀ fún àwọn ọmọ tó ń lọ sílé ìwé, ó tán. Ẹ̀wà kò gbọdọ̀ débẹ̀, nítorí ẹ̀wà ń jẹ gáàsì. Èédú ni yóò fi se ẹ̀wà, nínú àdògán, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí yàrá mẹ́wàá kọjú síra. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ni yóò sì fi ṣáná sí èédú náà kó lè tètè ràn. Èéfín ọ̀rá yẹn ni ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn ń fà símú.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé èéfín ìdáná inú ilé pa nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 èèyàn lágbàáyé ní ọdún 2020 nìkan, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún nínú wọn sì lé ní 237,000. Ìyá yìí kò ya ọ̀lẹ, kò sì ya òpè. Ó lo kẹrosíìnì títí kẹrosíìnì fi kúrò ní agbára rẹ̀. Ìjọba ní kó bọ́ sórí gáàsì nítorí ìlera rẹ̀, ó gbọ́ràn, ó ra sílíńdà. Gáàsì náà tún gbówó lórí, ló bá padà sídìí èédú tí wọ́n ní kó sá fún.

Iná mànàmáná náà kò yàtọ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń ṣàkóso iná mànàmáná gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A láti náírà 68 sí náírà 225 lórí yúnìtì kan. Wọ́n ní àwọn tó ń rí iná fún ogún wákátì lójúmọ́ ni, pé wọn kò ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú àwọn tó ń lo iná. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé olówó nìkan ló kàn. Ṣùgbọ́n wáyà ni wọ́n fi pín in, wọn kò wo àpò ẹnikẹ́ni. Opó tó háyà yàrá kan lẹ́yìn ilé ńlá wà lórí wáyà kan náà pẹ̀lú ẹni tó ní ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́fà, iye kan náà sì ni àwọn méjèèjì ń san lórí yúnìtì kan. Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀: olówó tó kọ́lé sí àdúgbò tí wáyà wọn kò tíì dé Band A ń jẹ nínú owó ìrànwọ́ tí ìjọba ṣì fi sílẹ̀ fún àwọn Band tó kù. Ìrànwọ́ ń wọlé tọ ẹni tí kò nílò rẹ̀, ẹni tó nílò rẹ̀ ń wò ó láti ojú wíńdò. Lóòótọ́, ìlànà owó iná tí NERC gbé jáde ní 2012 ya náírà 4 lórí yúnìtì kan sọ́tọ̀ fún ẹni tí kì í lò ju yúnìtì 50 lọ lóṣù. Ẹ béèrè ládùúgbò yín, ẹ wò ó bóyá ẹ ó rí ẹnìkan tó ti san iye yẹn rí.

Ohun tó yẹ kó dùn wá jù ni pé òfin kò wọ́n wa. Ní oṣù kẹta ọdún 2005, nígbà ìjọba Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, wọ́n fọwọ́ sí òfin tó ṣe àtúnṣe ẹ̀ka iná mànàmáná nílẹ̀ yìí. Inú òfin yẹn ni wọ́n ti pàṣẹ pé kí NERC dá àpò owó kan sílẹ̀, Power Consumer Assistance Fund ni wọ́n pè é, kí wọ́n máa fi ran àwọn aláìní tó ń lo iná lọ́wọ́. Wọ́n sọ ibi tí owó ti máa wá: díẹ̀ láti ara owó tí àwọn tó ń lo iná ń san, díẹ̀ láti inú ohun tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin bá yà sọ́tọ̀ nínú ìṣúná. Nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin iná mànàmáná tuntun ní oṣù kẹfà 2023, wọ́n tún gbé àpò náà sínú rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún òfin àkọ́kọ́ ti dàgbà tó ẹni tó ń dìbò. Títí di àkókò tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, n kò tíì rí ìyá kan tó lè nawọ́ sí yúnìtì tí àpò náà rà fún un.

Kí ni àwọn aṣòfin wá ń ṣe dípò rẹ̀? Wọ́n ń pín ẹ̀bùn. Bí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ kan, tàbí bí Kérésì bá ń bọ̀, wọ́n á ta kánópì sí gbàgede, wọ́n á gbé fọ́tò Ọnarébù kọ́. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ti ní kí àwọn opó wá jókòó. Ó di aago méjì ọ̀sán kí Ọnarébù tó dé. Wọ́n á wá máa pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gbé sílíńdà kékeré lé ìyá arúgbó lọ́wọ́, sílíńdà tí wọ́n ti lẹ àwòrán Ọnarébù mọ́ lára. Á kúnlẹ̀, á kọjú sí kámẹ́rà, á ṣàdúrà kí Ọlọ́run gbé Ọnarébù dé ipò gómìnà. Kó tó délé, fọ́tò rẹ̀ ti wà lórí Facebook. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà ní Èkó ti rí i, àwọn àna rẹ̀ ti rí i. Ẹni tí alága wọ́ọ̀dù kò kọ orúkọ rẹ̀ kò rí nǹkan kan gbà, bó ti wù kí ilé rẹ̀ ṣókùnkùn tó. Gáàsì inú sílíńdà yẹn á tán láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Fọ́tò kì í tán.

Ibí yìí ni mo ti ń rí i pé ìwà wa ti bàjẹ́ jìnnà ju bí a ti rò lọ. Àwọn àgbà wa mọ bí a ti ń fúnni ní nǹkan. Bí wọ́n bá rí i pé oúnjẹ ti tán nílé ẹnìkan, òru ni wọn yóò gbé iṣu lọ, ọmọ kékeré ni wọn yóò fi rán, ọmọ náà á sì ní, "Ìyá mi ní kí ẹ bá wọn tọ́ ọ wò." Bí owó bá ni, wọn yóò ní kó fi ra iyọ̀ sọ́bẹ̀, bí owó náà tilẹ̀ tó ra àgbò. Wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu dín ẹ̀bùn kù kó má baà wúwo lọ́rùn ẹni tó gbà á. Nínú gbogbo àdúrà wa, ọ̀kan tí àmín rẹ̀ máa ń jinlẹ̀ jù ni pé kí Ọlọ́run má tú wa láṣìírí. Ẹni tó fún èèyàn ní sílíńdà tó sì tú àṣírí rẹ̀ fún gbogbo ayé kò ṣe é lóore. Ó rajà ni, ìbò sì ni ọjà tó rà.

Ìlú ti fẹ̀ kọjá ohun tí iṣu òru lè bójú tó. Nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá, ẹlòmíràn kò mọ orúkọ ẹni tó ń gbé yàrá kejì. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo tó ṣì lè ṣe iṣẹ́ tí àwọn àgbà ń ṣe lóru náà ni òfin. Bí òfin bá ní kí yúnìtì 50 máa wọ inú mítà arúgbó àti opó tí kò lówó lóṣooṣù, nọ́ńbà nìkan ni yóò yí lójú mítà rẹ̀. Kò tò síbì kankan. Kò kúnlẹ̀ fún ẹni tí kò ju àbúrò rẹ̀ lọ. Aládùúgbò rẹ̀ kò mọ̀, àna rẹ̀ kò mọ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú tó wà níjọba kò sì lè gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ kejì. Òfin ń bo àṣírí. Ìdí nìyẹn tí òfin bẹ́ẹ̀ fi ń pẹ́ lọ́wọ́ àwọn kan, torí ohun tó bá òfin wá kò ní àwòrán ẹnikẹ́ni lára.

Àwọn kan á ní gbogbo owó ìrànwọ́ nílẹ̀ yìí ló ń di jíjẹ, pé ká fi sílẹ̀. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n nídìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba àpapọ̀ fi ń san owó ìrànwọ́ lórí kẹrosíìnì kí tálákà lè rà á ní náírà 50 lítà kan. Ní ọ̀pọ̀ ọjà wa nígbà náà, kò bọ́ sí ìsàlẹ̀ náírà 120, ó ń dé 150 nígbà mìíràn. Ààrẹ Umaru Yar'Adua pàṣẹ ní 2009 pé kí wọ́n dáwọ́ owó náà dúró, wọ́n sì ṣì ń san án lẹ́yìn tó kú. Ní 2014, Ìgbìmọ̀ Àwọn Mínísítà tún fọwọ́ sí bílíọ̀nù 9.2 náírà fún ààrò ìgbàlódé 750,000 tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fún àwọn obìnrin abúlé. Ẹ bi àwọn ìyá wa lábúlé léèrè bóyá ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ wọn.

Síbẹ̀, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ wo ojú ihò tí owó wọ̀nyẹn gbà lọ. Orí ọjà ni wọ́n fi owó kẹrosíìnì lé, ọjà sì gba ọwọ́ alágbàtà mẹ́rin márùn-ún kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ sanwó. Orí ìdílé ló yẹ kí owó ìrànwọ́ máa wà. Kó bọ́ sínú mítà onílé tààrà, kó má gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ ti gáàsì, kí ìyá náà máa rí ohun tí yóò fi rọ sílíńdà rẹ̀ nínú àkáǹtì rẹ̀, kó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó wù ú láti rà á. Kí ìjọba ìbílẹ̀ ka iye ìdílé tó ń jẹ ẹ́ àti iye owó tó jáde, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì wọn ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, iye nìkan, láìkọ orúkọ aláìní kankan síbẹ̀. Kí olùṣirò owó tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú máa yẹ ìwé náà wò lọ́dọọdún.

Ohun tí mò ń sọ kò ṣàjèjì sí àwọn èèyàn wa tó wà lókè òkun. Ní Ìlú Ọba, láti 1997 ni ìjọba ti ń fún àwọn arúgbó lówó tí wọ́n máa fi mú ilé gbóná nígbà òtútù. Ní oṣù keje 2024, ìjọba tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé gé e kúrò lọ́wọ́ nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́wàá nínú wọn. Àwọn arúgbó kò dákẹ́. Wọ́n kọ lẹ́tà sí aṣòfin àdúgbò wọn, wọ́n tọ̀ wọ́n lọ ní ọ́fíìsì wọn, wọ́n buwọ́ lu ìwé ẹ̀bẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà 2025, ìjọba ti yí ohùn padà, ó dá owó náà padà fún gbogbo arúgbó tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò bá kọjá £35,000. Ní Amẹ́ríkà, láti 1981 ni òfin ti fi ètò LIHEAP lélẹ̀ láti máa bá àwọn ìdílé tí owó wọn kò pọ̀ san owó iná àti owó ìmúlégbóná. Ọdọọdún ni Kóńgíréèsì gbọ́dọ̀ dìbò lórí owó rẹ̀, ọdọọdún náà ni àwọn tó ń ṣojú tálákà ń padà lọ bẹ àwọn aṣòfin. Ní oṣù kẹrin 2025, ìjọba lé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ètò náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì dábàá pé kí owó rẹ̀ di òfo lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn alágbàwí tún gbéra. Kò sí òfin tó ń ṣọ́ ara rẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, àwíjàre pé Abuja ló ni iná ti tán. Ní oṣù kẹta 2023 ni wọ́n tún ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí ṣe, tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi lágbára láti ṣe òfin iná mànàmáná tirẹ̀. Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tó gba àkóso náà lọ́wọ́ NERC ní 2024. Ọ̀yọ́, Èkó àti Ògùn tẹ̀ lé wọn. Èyí túmọ̀ sí pé àwọn tó lè dá àpò ìrànwọ́ sílẹ̀ kò jìnnà sí wa mọ́. Adó-Èkìtì, Àkúrẹ́, Ìbàdàn, Ìkẹjà àti Abẹ́òkúta ni wọ́n jókòó sí. A mọ ilé wọn, a mọ mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń lọ. Wọ́n lè kọ àpò náà sínú òfin ìpínlẹ̀, kí wọ́n kọ iye owó sí iwájú rẹ̀ nínú ìṣúná. Iná mànàmáná nìkan sì ni àpò ti ìjọba àpapọ̀ kàn. Wọ́n lè fi gáàsì ìdáná kún tiwọn.

Kí n má dá aṣòfin nìkan lẹ́bi. Àwa náà ti bàjẹ́. Ẹni tó kọ́ ilé alájà méjì, tó sì ní kí oníṣẹ́ iná bá òun fa wáyà gba ẹ̀yìn mítà, lọ́wọ́ opó ló ti ń jalè. Iná tí wọ́n jí gbé ni wọ́n ń ṣírò mọ́ iye tí àwọn tó ń san owó tiwọn tọkàntọkàn ń san lórí yúnìtì kan. Bí Ọnarébù bá sì wá sí ìpàdé àdúgbò, kí ni à ń béèrè? Aṣọ ẹgbẹ́, sìmẹ́ǹtì fún ògiri mọ́ṣáláṣí, owó tí ẹgbẹ́ máa fi jẹun. A ti kọ́ wọn pé ohun tó kéré ló tó wa. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹni tó bá sì lanu béèrè owó ọtí, owó ọtí náà ló máa gbà. Kí ẹni tí ara dẹ̀ nínú wa má sì rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Olówó kan ṣoṣo láàárín òtòṣì mẹ́fà, òun gan-an ni òtòṣì keje.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin ẹgbẹ́ onílé, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin àlùfáà àti pásítọ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ ìwé kọ. Ẹ jókòó, ẹ kọ lẹ́tà sí aṣòfin ìpínlẹ̀ tó ń ṣojú yín. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá bó bá ti wù yín, ẹ kó orúkọ àti ìbuwọ́lùwé gbogbo ilé tó wà ládùúgbò sí i. Ẹ mú ẹ̀dà kejì dání, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i pé wọ́n gbà á. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bi í: èló ni ẹ fi sínú ìṣúná ọdún yìí fún iná àti ìdáná àwọn aláìní ní ẹkùn wa? Bí kò bá dáhùn, ẹ padà lọ lẹ́yìn oṣù kan. Bó bá gbé sílíńdà wá dípò èsì, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá wù yín, kí ẹ tún bi í ní ìbéèrè kan náà. Bó bá di ìbò 2027 tí kò tíì fèsì, kó bá èsì tirẹ̀ nínú àpótí ìbò.

Òfin ti wà láti 2005. Owó rẹ̀ nìkan ni a kò tíì rí, àwa la sì ni ẹ̀tọ́ láti béèrè rẹ̀.